Oògùn ẹ̀fọ́rí túúlu tó ń gbẹ òógùn: èwo ló ṣe awọ yìí nínú wọn?

Olùbéèrè, Bódìjà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ẹ lọ rí dókítà" nìkan dá mi lóhùn, torí a ti rí dókítà. Ìyàwó àbúrò mi ni, ọmọ ọdún 34, ata ló ń tà ní Bódìjà. Ẹ̀fọ́rí túúlu ń bá a fínra, èyí tó ń mú ẹ̀bá orí kan, táá mú un bì, tí kò ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ rárá. Wọ́n kọ topiramate fún un, oògùn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kí ẹ̀fọ́rí náà má baà wá. Ó ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ̀fọ́rí sì ti dín kù gan-an. Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ti dé sí i lára. Ìka ọwọ́ àti ètè rẹ̀ ń ta á, bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Kì í làágùn mọ́: oòrùn á mú, ojú rẹ̀ á gbóná janjan, abíyá rẹ̀ á gbẹ. Ẹ̀kẹta, àmì dúdú roboto kan yọ sí ètè ìsàlẹ̀, ó ń ta á, ó rọlẹ̀, ó tún padà síbi kan náà gẹ́lẹ́. Àwọn ará ọjà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dọ̀tí. Ṣé oògùn kan náà ló ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ṣé kó dá a dúró?

* * *

Apòògùn, Mọ́kọ́lá

Kó má dá topiramate dúró lójijì. Ká kọ́kọ́ gbé ìyẹn kúrò nílẹ̀. Nínú mẹ́ta tí ẹ kà yìí, méjì àkọ́kọ́ jọ iṣẹ́ ọwọ́ topiramate. Ẹ̀kẹta kò jọ ọ́, màá fi ìyẹn sílẹ̀ fún dókítà awọ ara tó máa ń wà níbí.

Bí ohunkóhun bá ti ṣe awọ lẹ́yìn oògùn, "kò bá ara rẹ̀ mu" làwọn èèyàn wa máa ń sọ. Títa bí èèrà yìí kì í ṣe àìbáramu rárá. Topiramate a máa dí ẹ́ńsáìmù kan lọ́wọ́ iṣẹ́, carbonic anhydrase lorúkọ rẹ̀. Ó wà káàkiri ara, ó wà níbi tí òógùn ti ń jáde, ó wà lórí ahọ́n pàápàá. Ẹ bi í léèrè: tó bá mu Coke tútù, ṣé ó ṣì ń ta ahọ́n rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀? Ẹni tó ń lo oògùn yìí sábà máa ń ní míńírà ti tẹ́ lẹ́nu òun, pé ó dà bí omi ṣúgà. Ẹ́ńsáìmù kan náà ni. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n fi gba àṣẹ oògùn náà fún túúlu ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2004, nǹkan bí ìdajì àwọn tó lo 100 mg lójúmọ́ ló ní títa yìí. Ohun tó ń ṣe ìdajì èèyàn, ó yẹ kí ẹni tó kọ oògùn ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e sókè. Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí: ọ̀sẹ̀ kìíní, 25 mg lálẹ́, ọ̀sẹ̀ kejì, 25 láàárọ̀ àti 25 lálẹ́, ọ̀sẹ̀ kẹta, 25 láàárọ̀ àti 50 lálẹ́, láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, 50 láàárọ̀ àti 50 lálẹ́. Ẹni tó bá fò látorí 25 bọ́ sórí 100 láàárín ọjọ́ mélòó kan, títa yẹn á le, ọ̀rọ̀ á tún máa sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Tí èèrà bá pọ̀ jù, ọ̀nà rẹ̀ ni pé kí dókítà dá a padà sí ìwọ̀n tó lò lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Òógùn ló bà mí lẹ́rù jù. Oògùn ń gbẹ òógùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, ó lè má mọ̀ títí tí yóò fi parí oògùn. Ẹni tó ń ta ata nínú oòrùn oṣù kẹta, ara rẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbé ooru gbà jáde.

* * *

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ẹ̀yin oníwèé. Ṣùgbọ́n ohun táwọn àgbà wa mọ̀ ni pé bí oògùn bá wọ ara, ó gbọ́dọ̀ lé ìdọ̀tí jáde. Ibi tí yóò sì gbà jáde náà ni awọ. Àmì tó yọ sí ètè yẹn, àìsàn ló ń jáde. Kí wọ́n se àgbo afọ̀jẹ̀ fún un fún ọjọ́ méje, ara á mọ́.

* * *

Nọ́ọ̀sì, Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kí ló dé tí ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde ní ojú kan ṣoṣo lára ètè, tó tún máa ń mọ ọ̀nà padà síbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ti ètè sílẹ̀ ná. Àgbo lórí topiramate, ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé tí nǹkan kẹrin bá tún yọ lára, ẹnikẹ́ni kò ní mọ èyí tó fà á.

Ẹ̀yin olùbéèrè, ẹ má fojú lásán pinnu ọ̀rọ̀ òógùn. Ẹ ṣe é báyìí. Kí òun àti ẹnì kan tí kò lo oògùn náà jọ jókòó sí ibi kan náà nínú ọjà, kí oòrùn mú wọn fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi tíṣù gbígbẹ tẹ iwájú orí ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Bí tíṣù ti èkejì bá rin gbingbin tí tirẹ̀ sì gbẹ, ẹ ti rí ìdáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra tẹmómítà. Ẹ wọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta: kó tó jáde nílé, ní agogo méjì ọ̀sán, àti lálẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí tàárọ̀ àti talẹ́ bá dáa, tó jẹ́ tọ̀sán nìkan ló ń gun òkè, ooru ló ń há sí i lára.

Ibi tí wàhálà máa ń gbà wọlé lọ́dọ̀ wa ni pé ara gbóná, wọ́n á ní ibà ni. Wọ́n á ra oògùn ibà, wọ́n á lo paracetamol. Paracetamol kì í sọ irú ooru yìí kalẹ̀, torí kì í ṣe ara ló gbé e sókè fúnra rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ló tì mọ́ ọn. Ohun tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ ni ibòji, omi lára, àti atẹ́gùn. Kó ní ike omi tó ń fín tìsììì lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ata rẹ̀, kó máa fín in sí ọrùn, apá àti ojú, kó wá fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara. Òógùn tí ara kò pèsè mọ́, òun ni yóò máa bá a pèsè. Aṣọ òwú, kì í ṣe aṣọ tó ń mú ooru dání. Omi mímu tó líta méjì, ó kéré tán, torí oògùn yìí tún lè dá òkúta sínú kíndìnrín ẹni tí kò bá mumi. Tí ara bá dé 40, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ da omi sí i lára lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn ọmọdé ni èyí máa ń tètè gbé dé ibẹ̀.

Ìbéèrè kan tí kò kan awọ, tí mi ò sì lè ṣaláì bi: kí ló ń lò láti fi ṣètò ọmọ bíbí? Topiramate lè mú kí ètè tàbí àjà ẹnu ọmọ inú là. Ní Britain níbí, láti oṣù kẹfà ọdún 2024, wọn kì í fún obìnrin tó ṣì lè lóyún láìjẹ́ pé ètò tó dájú wà tí kò fi ní lóyún. Ó sì lè sọ agbára pílísì àti èyí tí wọ́n ń rì sí apá di yẹpẹrẹ.

* * *

Dókítà awọ ara

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ẹ ti fa ọ̀rọ̀ mi yọ: ojú kan ṣoṣo, tó tún padà síbẹ̀.

Àmì dúdú roboto tó ń padà síbi kan náà gẹ́lẹ́ báyìí, oògùn ló sábà máa ń fà á. Orúkọ tí a ń pè é ni fixed drug eruption. Bó ṣe máa ń rí: àmì roboto bí owó ẹyọ, etí rẹ̀ á dá ṣáká, yóò ta tàbí kó yún, ó lè lé ròrò láàárín, yóò bó, yóò fi dúdú sílẹ̀. Ètè, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú ara ni ó fẹ́ràn jù. Nígbà àkọ́kọ́, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn tí oògùn bá tún wọlé, ó ti dé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì agbèjà ara kan ló ti tẹ ẹní sí ojú ibẹ̀, wọn kì í kó lọ.

Ìdí tí mi ò fi mú topiramate: ó ń lò ó láàárọ̀, ó ń lò ó lálẹ́. Tó bá jẹ́ òun ni, àmì yẹn kò ní ráyè rọlẹ̀ kó tó tún padà. Oògùn tí ènìyàn ń lò lóòrèkóòrè, tó ń fi sílẹ̀, tó tún ń lò, ni ẹ wá. Àwọn afurasí pọ̀: co-trimoxazole tí gbogbo ayé ń pè ní Septrin, Fansidar àti àwọn ìbátan rẹ̀, Flagyl, tetracycline. Nínú àwọn oògùn orí fífọ́, ibuprofen, aspirin, paracetamol pàápàá.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ka ìwé tó wà nínú páálí oògùn. Ìwé yẹn á ní awọ á "pupa". Lára wa, ẹ má dúró de pupa. Á ṣókùnkùn ju àyíká rẹ̀ lọ, á fara jọ àwọ̀ àlùkò, tó bá ń gbẹ á dà bí eérú. Dúdú tó kù lẹ́yìn rẹ̀ lè lo ọ̀pọ̀ oṣù, torí àwọ̀ ti jò wọ ìpele ìsàlẹ̀ awọ. Ìpara abóra kò dé ibẹ̀. Awọ tó dáa ní àyíká ni yóò bó, àmì yóò wá hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ń rí i ní kíníìkì lọ́pọ̀ ìgbà: ẹni tó wá nítorí àmì kan, tó ti fi ìpara sọ ọ́ di ojú méjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùbéèrè: kí ló máa ń lò tí orí bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

* * *

Olùbéèrè, Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an. Tí orí bá ti ń gbé e, kẹ́míìsì kan nítòsí ọjà ló máa ń pò oògùn fún un. Funfun ńlá méjì, pupa kan, yẹ́lò kékeré kan, wọ́n á di í sínú ọ̀rá. Kò sí orúkọ lára rẹ̀.

* * *

Apòògùn, Mọ́kọ́lá

Ẹ wò ó, oògùn inú ọ̀rá yìí ló ń sọ iṣẹ́ wa di iṣẹ́ aláwo. Ojú àwọ̀ kò tó láti fi mọ oògùn, ṣùgbọ́n kí ẹ lọ bi ẹni tó pò ó, kó kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ pẹ̀lú mg wọn. Funfun ńlá sábà máa ń jẹ́ paracetamol 500. Pupa lè jẹ́ ibuprofen. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn ni yẹ́lò kékeré. Tó bá jẹ́ Piriton, tí wọ́n fi sí i kó lè sùn, a tún ti rí nǹkan mìíràn: Piriton wà lára àwọn oògùn tó ń gbẹ itọ́, tó ń gbẹ òógùn. Topiramate ti ti ìlẹ̀kùn kan, Piriton ti èkejì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lo topiramate tí ara sì ń yún kò fi yẹ kó sáré sí Piriton. Loratadine tàbí cetirizine kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ òógùn.

Ẹ̀ẹ̀mélòó lóṣù ló ń lo àpòpọ̀ yẹn? Oògùn alápòpọ̀, ergotamine àti àwọn bíi sumatriptan (àwọn méjèèjì tí wọ́n ń lò nígbà tí túúlu bá ti dé), tó bá ti tó ọjọ́ mẹ́wàá lóṣù fún bí oṣù mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀fọ́rí sílẹ̀. Paracetamol nìkan tàbí ibuprofen nìkan, ọjọ́ 15. Ẹ má sì gbàgbé pé oògùn kan náà ń wọ oríṣiríṣi aṣọ: Panadol Extra, paracetamol 500 mg àti kaféènì 65 mg ni. Alabukun, aspirin àti kaféènì ni. Oògùn ọ̀fìnkìn, ẹ yí páálí rẹ̀ padà, ẹ óò bá paracetamol níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé aspirin ló ń yọ òun lára tó wá ń bu Alabukun sẹ́nu, ọ̀nà kan náà ló tún gbà.

* * *

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ó dáa, mo gbọ́. Ṣé ẹ ò rí i báyìí pé gbogbo èyí tó ń gba inú ló ń dá wàhálà? Èyí tí a fi ń pa ara kò léwu. Kó fi báàmù pa iwájú orí, kó fi ọ̀já di í pinpin. Tó bá le, kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i.

* * *

Dókítà awọ ara

Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí awọ ti jìyà jù nínú ìtàn oògùn túúlu lóde òní, oògùn tí a ń lẹ̀ mọ́ ara ni. Zecuity lorúkọ rẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2013. Èrò tó bí i dára: ẹni tó ń bì kò lè gbé tábúlẹ́ẹ̀tì mì, ẹ jẹ́ ká gba awọ. Wọ́n fi sumatriptan sínú ohun àlẹ̀mọ́ kan, wọ́n fi bátìrì sí i tí yóò máa fi iná díẹ̀ ti oògùn wọlé fún wákàtí mẹ́rin, ní apá òkè tàbí itan. Ó dé ọjà lọ́dún 2015. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn tí ìròyìn ti ń wọlé pé awọ àwọn èèyàn ń jóná, ó ń lé ròrò, ó ń dá àpá, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò. Oṣù náà kò tíì parí tí ilé iṣẹ́ Teva fi dá títà rẹ̀ dúró. Àwọn kan nínú wọn, àpá wọn roboto bí ojú ohun àlẹ̀mọ́ náà gẹ́lẹ́.

Báàmù náà ńkọ́? Menthol àti methyl salicylate ló sábà máa ń wà nínú àwọn tó ń gbóná. Fífi ra orí díẹ̀, kò burú. Dídì í ní ọ̀já pinpin ni aburú: ooru á há, ohun tí ì bá fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ á máa wọ awọ, ìjóná á dé lórí egungun iwájú orí níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ di orí, kó dì í láìsí báàmù; dídì náà nìkan ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́. Gbẹ́rẹ́, mi ò ní jiyàn púpọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí àpá ilà etí rẹ̀ tàbí ti abẹ́rẹ́ bá ń wú kọjá ojú ọgbẹ́, kó má jẹ́ kí abẹ kan iwájú orí òun.

* * *

Ọmọ Èkó, Houston

Ẹ jọ̀ọ́, kí a tó padà sọ́dọ̀ ìyá aláta. Ohun méjì ni mo máa ń gbọ́ láàárín àwọn ará wa níbí. Wọ́n ní ẹni tí súfà, irú èyí tó wà nínú Septrin àti Fansidar, kò bá lára mu kò gbọdọ̀ fojú kan sumatriptan. Wọ́n tún ní ergotamine ayé àtijọ́ sàn jù, àwọn kan ṣì máa ń rà á láti ilé. Òótọ́ ni?

* * *

Apòògùn, Mọ́kọ́lá

Ti súfà: òótọ́ díẹ̀, ìbẹ̀rù púpọ̀. Sumatriptan ní èròjà sulfonamide nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n apá tí ara sábà máa ń bínú sí nínú Septrin àti Fansidar kò sí nínú tirẹ̀. Ìwé oògùn náà ní Britain ṣì ní kí a ṣọ́ra. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó wá ni pé: ẹni tí Septrin mú ara rẹ̀ yún lásán, kó sọ fún dókítà, kó lo àkọ́kọ́ ní ọ̀sán, kó má dá wà. Ẹni tí awọ rẹ̀ bó, tí ẹnu àti ojú rẹ̀ sì gbọgbẹ́, kó wá oògùn mìíràn.

Ẹ má sì dàpọ̀ mọ́ ohun tí sumatriptan ń ṣe fúnra rẹ̀: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú á gbóná, ara á ta fíntínfíntín, ọrùn tàbí àyà á fún pọ̀. Ó sábà máa ń lọ láàárín wákàtí kan. Kì í ṣe àìbáramu. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn ni kò gbọdọ̀ lò ó rárá.

Ergotamine! Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pa. Nínú Yúróòpù àtijọ́, olú tó ń hù sára ọkà rye, ibi tí a ti rí èròjà yìí, ni àwọn èèyàn jẹ tí ìka wọn fi dúdú tó já sílẹ̀. Lóde òní, tábúlẹ́ẹ̀tì 1 mg: méjì níbẹ̀rẹ̀, ẹyọ kan ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má kọjá mẹ́fà lọ́jọ́ kan, kó má kọjá mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Ibi tó ti ń pa èèyàn lára láìròtì ni tí ó bá pàdé erythromycin, clarithromycin, tàbí oògùn HIV tó ní ritonavir nínú. Àwọn yẹn kì í jẹ́ kí ara lè tú ergotamine ká. Tábúlẹ́ẹ̀tì kan péré á wá ṣe bí ọ̀pọ̀.

* * *

Nọ́ọ̀sì, Peckham

Kí n fi bí wọ́n ṣe ń yẹ ìka ẹni tó lo ergotamine wò kún un, torí awọ dúdú kì í tètè fi funfun hàn. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná. Ẹ tẹ èékánná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ tú u sílẹ̀: àwọ̀ yẹ kó padà kí ẹ tó ka ẹni, èjì tán. Tó bá ń fà, tí ìka tutù, tó sì ń dùn ún, kó má gbé òmíràn mì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tútù ló rí bẹ́ẹ̀ ṣá. Propranolol, tí wọ́n ń lò láti dènà túúlu, náà máa ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tutù, ní Peckham lóṣù kìíní wọ́n á máa ráhùn. Ìyẹn kì í já ìka. Àmọ́ ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ṣé ikọ́ fée wà? Ṣé awọ tó nípọn, tó ń hó bí ìpẹ́ ẹja wà ní ìgúnwọ́, orúnkún tàbí orí? Ẹni tó bá ní ti kìíní kò gbọdọ̀ lò ó. Ti èkejì, psoriasis, propranolol lè jí i dìde kó sì le ju ti tẹ́lẹ̀.

Valproate, tí àwọn kan ń lò láti dènà túúlu, lè mú irun jábọ́. Ó sábà máa ń padà hù, nígbà mìíràn ó máa ń lọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Abẹ́rẹ́ tuntun tó ń dènà túúlu bí erenumab, tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ojú abẹ́rẹ́ lè wú kó yún. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àṣìṣe ọwọ́ ló ń dá kún un: wọ́n yọ ọ́ nínú fìríìjì, wọ́n gún un ní tútù. Ẹ jẹ́ kó wà níta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má gbé e sórí iná, ẹ má gbé e sóòrùn. Ẹ gún un síkùn, kó jìnnà sí ìdodo ní ìbú ìka mẹ́ta, tàbí sí itan. Oṣù tó ń bọ̀, ẹ pa ojú ibẹ̀ dà. Ẹ má fọwọ́ ra á.

* * *

Dókítà awọ ara

Kí a tó padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, àmì tí kò gba àríyànjiyàn. Oògùn èyíkéyìí tí a ti dárúkọ, topiramate náà wà níbẹ̀, lamotrigine tí wọ́n ń fún àwọn kan tí ojú wọn máa ń ṣe bàìbàì kó tó kan orí náà wà níbẹ̀: bí ibà bá gbé e, tí ojú ń ta, tí ẹnu ń gbọgbẹ́, tí awọ ń dunni ju bó ṣe ń yún lọ, tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí òkè rẹ̀ sì ń yọ́ kúrò bí awọ tòmátò tí a bọ̀ nínú omi gbígbóná. Àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló máa ń wáyé jù. Ìyẹn ni ibi tí màá ti ní kí ènìyàn dá oògùn dúró lójú ẹsẹ̀, láìdúró de dókítà, kó sì gba ilé ìwòsàn ńlá lọ. Paracetamol kò jáde nínú èyí. FDA kìlọ̀ nípa rẹ̀ lọ́dún 2013. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹni tó bá kàn án kò ní mọ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n.

Lamotrigine nílò ọ̀rọ̀ kan sí i: tó bá wà pẹ̀lú valproate, ìdajì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá gbàgbé ìyẹn, ewu awọ tó ń bó á pọ̀ sí i.

* * *

Olùbéèrè, Bódìjà

Mo padà dé. A ti ṣe ohun tí ẹ ní kí a ṣe. Coke ti tẹ́ lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́, ó ní ẹni tó ń tà á ló ń ṣí i sílẹ̀. Tíṣù gbẹ, ti ẹni tó jókòó tì í rin. Ara rẹ̀: 36.5 láàárọ̀, 38.1 ní agogo méjì, 36.8 lálẹ́. Ẹni tó ń pò oògùn kọ ọ́ sílẹ̀: paracetamol 500 méjì, ibuprofen 400 kan, Piriton 4 kan. Ó ní tí òun bá lo paracetamol nìkan, ètè kì í ta òun. Ọjọ́ méjèèjì tí ètè ta, àpòpọ̀ ló lò, kò tó wákàtí mẹ́rin. Ìgbà mẹ́jọ ló lò ó lóṣù tó kọjá. Ó ní èyí tí wọ́n rì sí apá. Kò ní ikọ́ fée. Ṣùgbọ́n ìgúnwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń hó bí ẹ ṣe júwe rẹ̀ yẹn, ọṣẹ dúdú ló ń fi wẹ̀ ẹ́.

* * *

Dókítà awọ ara

Ibuprofen ni mo kọ́kọ́ fura sí, Piriton lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣe dán an wò nílé láti mọ̀ dájú. Ìgbà tó bá tún padà, ó lè mú ojú kejì àti ìkẹta dání. A lè fi oògùn náà sójú àmì àtijọ́ lábẹ́ bándéèjì ní kíníìkì láti wádìí rẹ̀. Títí dìgbà náà, ẹ kọ ọ́ sórí káàdì kékeré kó máa wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀: "Ibuprofen ń yọ mí lára." Kó yẹra fún diclofenac àti aspirin náà títí a ó fi rí i. Ẹ ya fọ́tò ètè ní ojúmọmọ, láìfi ohunkóhun dán ojú rẹ̀, kí owó ẹyọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi wọn ìwọ̀n.

* * *

Apòògùn, Mọ́kọ́lá

Kí ẹ má ju ọ̀rá àti páálí nù. Ìwé yẹ́lò NAFDAC wà fún irú èyí, tàbí áàpù Med Safety lórí fóònù: orúkọ oògùn, nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà báàtì, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó yọ, àti gbogbo oògùn mìíràn tó ń lò. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹ̀yin tó wà ní Britain, Yellow Card ni tiyín.

38.1 lójoojúmọ́ kò ṣeé gbé pamọ́. Kí Piriton kúrò lónìí. Topiramate, ẹ gbé àkọsílẹ̀ ooru yìí lọ bá ẹni tó kọ ọ́ fún un lọ́sẹ̀ yìí. Mo rò pé á fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, 25 sí 50 mg lọ́sẹ̀. Propranolol ni ọ̀pọ̀ dókítà á nawọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ìgúnwọ́ hàn wọ́n kí wọ́n tó kọ ọ́.

* * *

Nọ́ọ̀sì, Peckham

Tí wọ́n bá wá kọ amitriptyline, òun náà máa ń gbẹ ẹnu, ó sì lè fọwọ́ kan òógùn, nítorí náà kí wọ́n má pa á pọ̀ mọ́ topiramate nínú oòrùn yìí láìwọn ara rẹ̀. 10 mg ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, lálẹ́. Oorun rẹ̀ wúwo. Agogo mélòó ló ń jí lọ sọ́jà?

* * *

Olùbéèrè, Bódìjà

Agogo mẹ́rin ìdájí.

* * *

Nọ́ọ̀sì, Peckham

Kó lò ó ní agogo méje alẹ́, nígbà náà, kó má dúró de àsìkò tó bá wọ ibùsùn.